Ìwé Béèlì Awwal

Ọkùnrin tí wọ́n fi ogójì ọdún pè ní oníwàhálà ní Sábó ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà lónìí. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni káńsù ti ri pátákó rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lójú. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró wò ó. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Èèyàn re ni Pùròfẹ́sọ̀ o." Àwọn kan náà mà ni o! Àwọn tí kì í jẹ́ kí ọmọ wọn yà sílé rẹ̀ nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá kì í kúrò lẹ́nu géètì. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ó pé ọdún kan géérégé lónìí tí Jethro Oyèníran, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ti jáde láyé. Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Alága káńsù ní aago mọ́kànlá lòun ń bọ̀, òun ò sì ní pẹ́, kí ìyàwó olóògbé ti múra sílẹ̀, torí òun àti ẹ̀ ni wọ́n jọ máa ṣí aṣọ lójú pátákó. Ìdí nìyẹn tí Gertrude fi ti wọ léèsì funfun láti aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, tó jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, kò sì fẹ́ràn kí èèyàn máa pẹ́ lẹ́yìn.

Lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé, ẹnu wọn ò sì dúró. Gbogbo ẹ̀ ni Gertrude ń gbọ́ lójú fèrèsé.

"Alága fúnra ẹ̀ ló ń bọ̀?"

"Òun gan-an. Ó ní òun máa sọ̀rọ̀ nípa bàbá."

"Ṣebí òun náà ló fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn èèyàn lójú irin, tí bàbá gbé e lọ sí kóòtù?"

Ẹnì kan yára ní, "Ẹ fi àlùbọ́sà sí i, ó tẹ́ jù."

Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí Shakirat wọlé. Télọ̀ ni, Mushin ló ti wá, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó fẹsẹ̀ rin díẹ̀ nínú ọ̀nà náà. Gertrude mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyá Awwal ni, ọmọkùnrin tó ti wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́rin àti oṣù méje láìsí ẹni tó dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ní ó fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó kó fóònù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń gboyè, tí wọ́n ń fẹ́yàwó, òun ń retí ọjọ́ tí adájọ́ máa ráyè.

"Mọ̀mí, ẹ káàárọ̀, mà." Shakirat ti kúnlẹ̀ kó tó dé inú yàrá. "Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọjọ́ ńlá lòní. Lọ́yà Túbọ̀sún ló pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ti fa ẹjọ́ Awwal síwájú. Òní ni."

"Òní kẹ̀? Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni?"

"Májísírétì tuntun ló dé, mà. Ó ní gbogbo ẹjọ́ tó ti pẹ́ lòun máa yẹ̀ wò lónìí, torí kóòtù fẹ́ gba ìsinmi. Ó wá ní òun ò fẹ́ rí fọ́tókọ́pì o. Ojúlówó ìwé béèlì lòun fẹ́ rí. Bí a ò bá mú un wá, ó di ẹ̀yìn ìsinmi." Ohùn rẹ̀ já. "Oṣù mẹ́ta míì, Mọ̀mí. Ó ti ń wúkọ́. Ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, ọrùn ẹ̀ ò tóbi ju ọwọ́ mi yìí lọ."

Orí ìwé béèlì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Mushin, inú sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá ládùúgbò míì ni Awwal sùn. Ńṣe ni wọ́n kó o mọ́ àwọn tí wọ́n rí lójú títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ gbà á sílẹ̀, ó sì rin kinkin pé kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, aago tó wọlé, aago tó jáde, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ọlọ́pàá míì wá gbé e fún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wà nínú àhámọ́, ṣé ẹ̀mí ẹ̀ ló jáde lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù ni? Àmọ́ ìwé tí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn fi sọ́wọ́ ti sọnù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọnù. Ẹyọ kan ló kù láyé, òun sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń gbé lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀, tó tún máa ń gbé padà wálé. Kì í fún lọ́yà, kì í fún akọ̀wé kóòtù.

"Dìde, jàre," Gertrude ní. "Mo mọ ibi tó wà."

Òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà kan, àwọn agbófinró wá tú ilé yìí wò. Wọ́n kó gbogbo fáìlì, wọ́n kó lẹ́tà, wọ́n kó ìwé ìtàn tí ọmọ fi ń sùn. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò fọwọ́ kàn ni ìdì ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sí ògiri. Jethro rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Gertrude, ta ló máa jí ìwé ọmọ tó féèlì?" Láti ìgbà náà, àárín ìwé ìdánwò ló ń tọ́jú gbogbo ojúlówó sí. Àwọn méjèèjì ló mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti lọ.

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwé. Kúlà ńláńlá mẹ́ta ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí àga tí wọ́n ti fi aṣọ aláwọ̀ búlúù wọ̀, àti tábìlì tí wọ́n to àwo sí fún Alága àtàwọn èèyàn rẹ̀. Ògiri ṣófo láti òkè délẹ̀.

Ó di ilẹ̀kùn mú. "Bùrọ̀dá Àkàngbé!"

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Àkàngbé. Gertrude fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ ni, nítorí náà ọkọ ni, bùrọ̀dá sì ni. Ó wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

"Ìyàwó wa, kí ló dé? Ẹ ti gún régé o. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ máa rí yín."

"Ìwé ìdánwò tó wà níbí dà?"

"Ìwé wo? Àwọn bébà tó ń kó eku jọ yẹn? A ti kó o kúrò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Azeezah oníbọ̀ọ̀lì ló wá kó o, ó ní òun á máa fi wé ọjà."

Shakirat pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Gertrude ò pariwo. Ó wo Àkàngbé títí tí búrẹ́dì fi dúró lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kó o?"

"Ìyàwó wa." Àkàngbé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Mo wá kan ilẹ̀kùn yín, mo ní kí la máa ṣe sí ìwé inú yàrá yẹn. Ẹ ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ ní ìwé ti sú yín."

Òótọ́ ni. Ó rántí ẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń wá fọ́tò Jethro tí wọ́n máa gbé síta, kò rí ọ̀kan tí kì í ṣe iwájú kóòtù ni wọ́n ti yà á. Inú bí i. Ó bínú sí òkú, ó bínú sí kóòtù, ó bínú sí gbogbo bébà tó ti bá a gbé lábẹ́ òrùlé kan bí orogún. Ìgbà yẹn ni Àkàngbé kan ilẹ̀kùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ó mú báàgì rẹ̀. "Shakirat, ó yá."

Ẹnu géètì ni Adéwùnmí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti pàdé wọn. Ìbàdàn ló ti wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí ọjọ́ yìí. Ìwé ètò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbóòórùn yíǹkì.

"Mọ̀mí, níbo lẹ̀ ń lọ pẹ̀lú léèsì?"

"Mò ń bọ̀. Ìwé kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Azeezah lójú irin."

"Ìwé?" Adéwùnmí wo Shakirat, ó wo ìyá rẹ̀. Ó lóye. "Ìwé náà tún ni. Mọ̀mí, ọjọ́ tí mo pé ọdún mẹ́wàá, ta ni ò sí nílé? Ọjọ́ tí ìdílé ọkọ mi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ta ló wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúrà tán? Ó ní kóòtù pẹ́. Ẹyọ ọjọ́ kan yìí ni mo tọrọ, ọjọ́ kan tó máa jẹ́ tiwa. Ẹ ò lè rán Bùrọ̀dá Àkàngbé?"

"Bùrọ̀dá ò mọ ohun tí wọ́n máa wá."

"Màá mú wọn padà wá bá yín, Àǹtí," Shakirat ń bẹ̀bẹ̀, "mi ò ní jẹ́ kí Mọ̀mí pẹ́."

"Àǹtí, mi ò bá yín jà," Adéwùnmí dáhùn. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bá a jà lóòótọ́. Ẹni tó fẹ́ bá jà ti wà ní ìtẹ́ òkú.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ojú irin, lápá ibi tó lọ sí Ọ̀yìngbò. Azeezah ò tíì dáná. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sínú ike, ìdì ìwé ìdánwò méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta lé lórí kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

"Mọ̀mí Pùròfẹ́sọ̀! Ẹ̀yin náà rèé nínú funfun. Ẹ ò ní í jẹ bọ̀ọ̀lì báyìí ṣáá o."

"Azeezah, ìwé tó o kó nílé wa, ó kù mélòó?"

"Ìwé yẹn dáa gan-an ni. Kì í tètè ya bí ìwé ìròyìn. Mo ti lò tó ìdajì." Ó rí ojú wọn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ gbà mí o! Ṣé wọ́n jí i ni?"

Shakirat ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ pé, "Wọ́n ti fi ọmọ mi wé bọ̀ọ̀lì. Wọ́n ti fi ọmọ mi wé bọ̀ọ̀lì." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, àmọ́ kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín.

"Dìde, ká wò ó," Gertrude ní. Òun náà fa àpótí kan, ó ká léèsì rẹ̀ sókè, ó tú ìdì àkọ́kọ́.

Ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, yíǹkì ti pọ́n, ṣùgbọ́n bírò pupa Jethro ṣì mọ́lẹ̀ kedere létí ìwé. Kò sí ojú ìwé tí kò kọ ohun kan náà sí: *Ẹ̀rí rẹ dà? Ẹ̀rí rẹ dà?* Nígbà tí Gertrude rí i lẹ́ẹ̀kejìlá, ó yọ gíláàsì, ó nu ojú, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ojú ń ro ó, àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá, gbogbo ìwé fẹ́ fò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ara lé e. Ìdì àkọ́kọ́ tán. Èkejì tán. Kò sí.

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Azeezah ti dáná, èéfín ti ń wọ̀ wọ́n lójú.

"Mọ̀mí, ẹ ò bínú," ó ní, "kí lẹ ń wá gan-an? Mi ò mọ̀wé o, àmọ́ ojú mi dáa."

"Ìwé àwọn ọlọ́pàá ni, ewé kan ṣoṣo. Ó ní òǹtẹ̀."

Azeezah sọ abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Òǹtẹ̀! Kí lẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Ó dìde, ó ṣí àpótí tó fi ń jókòó, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ nísàlẹ̀ aṣọ ọmọ rẹ̀. "Ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ ìjọba, mi ò kí ń fi wé nǹkan jíjẹ. Ẹnì kan lè ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ mi tán, kó padà dé, kó ní níbo ni mo ti rí ìwé ìjọba. Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi torí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni. Mo fẹ́ jó o níná, mo tún ní iná náà lè di ẹjọ́."

Ewé méjìlá ni. Gertrude ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lára ẹ̀, òkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìkẹsàn-án ni. *Awwal.* Òǹtẹ̀ pupa, ìbuwọ́lù ọ̀gá ọlọ́pàá, ìbuwọ́lù Jethro. Àtàǹpàkò Azeezah ti fi èédú tẹ igun rẹ̀ kan.

"Àlùhámúdúlíláì," ni Shakirat ń wí, kò sì lè wí nǹkan míì. Ó dì mọ́ oníbọ̀ọ̀lì tòun ti ọ̀bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni fóònù Shakirat ti dún. Túbọ̀sún ni, lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà lẹ́yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi sí ohùn gbangba.

"Ẹ ti rí i? Ọlọ́run ṣeun. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni wọ́n wà báyìí, tiwa ni kẹtàlá. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Májísírétì ní ẹni tí ìwé náà wà nílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá búra síbi tó ti wá. Màmá nìkan ni. Ṣé Màmá lè dé kó tó di aago mọ́kànlá àbọ̀?"

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí fóònù Gertrude náà fi dún.

"Mọ̀mí." Ohùn Adéwùnmí ń yára. "Alága ti dé. Ó dé ṣáájú àkókò, àwọn oníròyìn bá a wá. Ó ní òun ò lè dúró. Ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí."

Gertrude wo ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà Sábó. Ó wo ọwọ́ òsì, ọ̀nà kóòtù. Oníkẹ̀kẹ́ kan ti dúró, ó ń wò ó, ó ń retí kó sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

"Wùnmí, wọ́n ní kí n wá búra ní kóòtù."

Gertrude tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mọ̀mí, ta ló máa ṣí aṣọ? Orúkọ yín ló wà nínú ìwé ètò."

"Ìwọ ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ìyàwó ẹ̀ ò wá síbi ìrántí ọkọ ẹ̀. Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀," Gertrude gbà. "Wùnmí, gbọ́. Bó bá jẹ́ bàbá ẹ ló wà níbi tí mo wà yìí, ibo ló máa lọ?"

Gertrude ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúnáwá nílé, ó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí.

"Kóòtù," Adéwùnmí ní níkẹyìn. Ó ti ń sunkún. "Kóòtù ló máa lọ. Ìgbà gbogbo ló máa ń lọ sí kóòtù." Ó sì pa fóònù.

Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà kẹtàlá, Gertrude ṣì ń mí hẹlẹ. Èèyàn kún kóòtù náà dẹ́nu ọ̀nà, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí lókè. Ó rí Awwal nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Ì bá má dá a mọ̀ bí kì í bá ṣe ariwo kékeré tó jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọlọ́pàá tó ń pe ẹjọ́ dìde, ó ní ẹlẹ́rìí àwọn ò lè wá lónìí, kí kóòtù jọ̀wọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń kí èèyàn.

Obìnrin ni Májísírétì náà, ó fi gíláàsì sí góńgó imú. Ó na ọwọ́, wọ́n gbé ìwé béèlì fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Wọ́n ní kí Gertrude bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, ó sì búra.

"Ta ló ń tọ́jú ìwé yìí?"

"Ọkọ mi ni, Olúwa mi. Ó ti di olóògbé. Òní ló pé ọdún kan."

Májísírétì gbójú sókè, ó wo léèsì funfun, ó wo èédú tó wà lápá rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kí ló wá fa èédú tó wà lára ìwé yìí? Ìwé kóòtù kì í rí báyìí."

Túbọ̀sún ti fẹ́ dìde kó bá a dáhùn. Gertrude ti sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti kó o fún oníbọ̀ọ̀lì, Olúwa mi. Òun ló bá wa yọ ọ́ sọ́tọ̀."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Gertrude dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o dànù. Ó ti rẹ̀ mí. Mo rò pé bí ọkọ mi bá ti kú, ọ̀rọ̀ ìwé ti parí nìyẹn. Ọmọ yìí ni ìyà ẹ̀ ìbá jẹ."

Májísírétì kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ọlọ́pàá náà. "Ẹ̀yin lẹ lu òǹtẹ̀ yìí, kì í ṣe oníbọ̀ọ̀lì. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje, ẹlẹ́rìí yín ò tíì rí ọkọ̀ wọ̀?" Ọlọ́pàá náà wolẹ̀. "Kóòtù dá a sílẹ̀. Awwal, máa lọ sílé."

Awwal ò kúrò lójú kan. Wọ́n ní kó máa lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò lọ. Túbọ̀sún ló lọ dì í lọ́wọ́ mú, tó fà á jáde nínú àpótí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa ọmọ kọjá títì.

Kóòtù mú ojúlówó ìwé náà sọ́dọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé ilé wọn máa sùn ní kóòtù. Gertrude ò bá wọn du ú. Ìwé náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Aago méjì ti lù nígbà tí wọ́n dé Sábó. Gertrude ló ní kí wọ́n yà kí ọmọ náà jẹun kí wọ́n tó kọjá sí Mushin. Aṣọ ti kúrò lójú pátákó. Alága ti lọ, ó ti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní bàbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ fún òun, àwọn sì fẹ́ràn ara wọn. Adéwùnmí ló ṣí aṣọ. Àwọn obìnrin ìjọ ń kó àwo nílẹ̀.

"Ẹ wò ó, òun ló ń bọ̀ yẹn. Ìyàwó tó sá lọ́jọ́ ìrántí ọkọ ẹ̀."

"Léèsì ọ̀hún ti di ti eléédú. Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyẹn?"

Ìgbà tí Awwal wọ géètì, tí wọ́n rí bí eegun èjìká rẹ̀ ṣe yọ sókè lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé àwo ọwọ́ wọn kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ẹnu rẹ̀ mú jù, ló kọ́kọ́ dìde tó lọ bu mọ́ínmọ́ín gbígbóná mẹ́ta sínú àwo.

Gertrude ṣí yàrá ìwé. Àkàngbé wà níbẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè, òógùn bò ó. Kúlà àti àga Alága ti wà nínú oòrùn níta. Ó ti lọ kó gbogbo ìwé ìdánwò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Azeezah wá, ó ń to ìdì méjì tó kù nínú mẹ́rin sí ògiri. Kò lè wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "mi ò mọ̀ ni."

"Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́, Bùrọ̀dá?" Gertrude dáhùn. "Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Wọ́n fa àga fún Awwal. Kò jókòó lé e. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká orúnkún sókè kó má baà gba àyè. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín kan, ó fi méjì yòókù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè mumi?"

Ìyá rẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe ń sunkún, gbogbo wọn sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Adéwùnmí ló bu omi náà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà, ó sì di ife mú fún un títí tó fi mu tán. Ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wo èédú tó wà lára léèsì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Gertrude tú gèlè. Ó yọ ọ̀rá dúdú Azeezah nínú báàgì, ó to ewé mọ́kànlá tó kù sórí tábìlì, níbi tí àwo Alága wà láàárọ̀. Ó rò pé òun kàn fẹ́ tọ́jú wọn padà sí àyè wọn ni, kí òun lọ sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Awwal ti dìde nílẹ̀. Ó ti wá sẹ́bàá tábìlì, ó ń ka orúkọ tó wà lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé orí ìkẹrin, ó dúró.

"Mùíz," ó ní.

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn, mà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ó ní bàbá kan gba béèlì òun nígbà kan, wọ́n wá ní kò sí ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀." Ó gbé ìka lé òǹtẹ̀ náà pẹ̀lẹ́. "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Níta, ẹnì kan ń wọ́ ẹsẹ̀ àga lórí kọnkéré. Gertrude fa àga, ó jókòó, ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú báàgì. Kó tó rí i, Adéwùnmí ti ṣí àpótí tábìlì bàbá rẹ̀, ó ti mú bírò pupa kan jáde, ó ti fà á lórí àtẹ́lẹwọ́ bóyá ó ṣì ń kọ. Ó ṣì ń kọ.

"Mọ̀mí," ó ní, "kí ni mo máa kọ́kọ́ kọ?"

"Orúkọ ẹ̀," ni Gertrude wí.